Bá Mi Pe Bàbá Alága

Délé mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Kánádà kò tíì jẹ etí ẹ tán? Ṣadé ti bímọ, obìnrin ni. Ẹsẹ̀ Màmá náà ti ń fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Bàbá Alága ẹgbẹ́ wa, fẹ́ sọ mí di olè ní Adó yìí. Wọ́n gba orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo tẹ̀ jáde, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ń fi ìka tọ nọ́ńbà lọ títí wọ́n fi dé 112. Èyí tó tẹ̀lé e ni 116. "Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́, Bùnmi? Ta ló ń jẹ owó wọn?" Lójú ìpàdé ni o! Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Ọjà Ọba. Ìyá oníṣu tó máa ń fún mi ní èènì, kò fi nǹkan kan sí i fún mi mọ́.

Kò sí ẹni mẹ́ta kankan. Ìwọ ṣáà mọ̀ ọ́n. Orúkọ, fóònù àti ọjọ́ ni INSERT mi, àṣẹ tó ń kọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ń gbé wọlé. Mi ò dárúkọ id, ìyẹn nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, rárá. MySQL tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa nínú kọ̀ǹpútà ló ń fi AUTO_INCREMENT, ètò tó ń ka nọ́ńbà lọ fúnra rẹ̀, pín in. Àwọn kan wá ń forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè yáwó lọ́nà méjì. A ti ní fóònù kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lé wọn padà, àmọ́ nọ́ńbà tó ti yọ sílẹ̀ fún wọn ti lọ nìyẹn, ẹlòmíì kò ní í gbà á mọ́. Àwọn yẹn gan-an ló ń pariwo jù ní ìpàdé. Jẹ́ n dákẹ́.

Bàbá ní kí n tún gbogbo rẹ̀ kà, kí 116 di 113. Id yẹn ni tábìlì owó inú kọ̀ǹpútà fi mọ olówó, òun náà la kọ sára káàdì wọn! Ẹni tó bá bọ́ sórí 116 ló máa jogún owó onítọ̀hún. Ìgbà yẹn ni màá wá di olè tòótọ́. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà tún ní ká máa wo nọ́ńbà tó ga jù, ká fi ọ̀kan kún un. Ọjọ́ tí èmi àti akọ̀wé kejì bá jọ ń tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Nọ́ńbà kan náà la máa mú.

Délé, jọ̀ọ́, pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti jẹ iyán tán. Ohun tí ìwọ bá sọ láti Kánádà, wọ́n á gbà. Èmi, ọmọ àná ni mí. Sọ fún wọn pé rìsíìtì tí a bá ti fagi lé, a kì í tún nọ́ńbà rẹ̀ já fún ẹlòmíì. Má dárúkọ MySQL o, wọ́n á ní òun ló kó owó lọ. Ìpàdé mìíràn ti sún mọ́lé, wọ́n sì ti ní kí n gbé kọ̀ǹpútà náà dání.

Èmi ni,
Bùnmi