Lẹ́tà sí ọmọ tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí eré

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ oṣù ń pa ẹ̀bùn eré ìdárayá òun, òun sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀: ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Hemu Adhikari, ará Íńdíà, lé méjèèjì.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí i ní ìlú Pune. Kíríkẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́kàn rẹ̀, iṣẹ́ ológun ló ń bọ́ ọ. Ogun àgbáyé kejì jẹ lára ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni ọdún 28 ni nígbà tó kọ́kọ́ ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, ní Ọsirélíà, ní 1947. Títí ó fi ṣíwọ́ ní 1959, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Test, ìyẹn kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, 21 péré ló gbá. Mi ò ní parọ́ fún yín: iṣẹ́ náà bù nínú eré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Delhi ní 1952, nígbà àkọ́kọ́ tí Íńdíà àti Pakistan kojú ara wọn. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Íńdíà ti jáde. Ghulam Ahmed nìkan ló kù tí yóò bá Adhikari dúró, jíju bọ́ọ̀lù sì ni iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe gbígbá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa tẹlifíṣọ̀n tí nǹkan bá ti rí báyìí, ẹ ò bá ti lọ sùn. Àwọn méjèèjì yìí fi ayò 109 kún un. Adhikari ní 81, wọn ò sì rí i lé jáde. Títí di 2004, kò sí ará Íńdíà méjì tó kọjá 109 yẹn ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ń dá a dúró ló kọ́ ọ ní ìdúró.

Ní 1959, lẹ́yìn tí olórí ẹgbẹ́ mẹ́ta ti kọjá nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú West Indies, ẹgbẹ́ àwọn erékùṣù Karibíánì, òun ni wọ́n ní kó wá ṣe ìkẹrin. Ó gbá ayò 63, ó tún gbá 40.

Nínú iṣẹ́ ológun, ó dé ipò ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní Lieutenant Colonel. Òun náà ni alábòójútó tó kó ẹgbẹ́ Íńdíà lọ sí Ìlú Ọba ní 1971, tí wọ́n fi borí níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìwọ tó kọ̀wé, jọ̀ọ́, aago mélòó lo máa ń kúrò níbi iṣẹ́? Fèsì sí mi kó o tó fún ọ̀gá rẹ ní lẹ́tà kankan.

Èmi ni,
Bàbá yín.