Ìdàgbà Ọmọ Ènìyàn: Ètò Rẹ̀ Kì Í Yí, Àsìkò Rẹ̀ Ò Dọ́gba

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín ní orúkọ Olúwa wa.

Lúùkù 2:52 jẹ́ ká mọ̀ pé Jésù dàgbà: ọgbọ́n rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó ń ga sí i, ó sì ń rí ojúrere Ọlọ́run àti ti ènìyàn. Ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò fo ìpele kankan. Ara, ọgbọ́n, ẹ̀mí àti bí a ṣe ń bá èèyàn gbé ló jọ ń dàgbà pọ̀, ọ̀kan ń fa èkejì. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa á pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, á sì ṣòro fún un láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olóríkunkun.

Láti orí ni ìdàgbà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Orí ọmọ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Ọrùn ló ń kọ́kọ́ le, ẹ̀yìn á tẹ̀lé e kí ọmọ lè jókòó, ẹsẹ̀ á wá gba ara dúró. Bákan náà ni àárín ara ń ṣáájú ìpẹ̀kun rẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ ju gbogbo apá sí nǹkan, á fi àtẹ́lẹwọ́ há a mọ́ra. Ó di bí oṣù 9 sí 10 kó tó lè fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣa ohun kékeré nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kí ẹ ti máa fojú wá ilẹ̀ dáadáa, torí bọ́tìnnì, owó ẹyọ àti bátìrì wẹ́wẹ́, ẹnu ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Kò sí ẹni tó lè yí ètò yìí padà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí kó lè tètè rìn kì í mú ìrìn yá, ó sì ti já ọ̀pọ̀ ọmọ lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Àsìkò ni kò dọ́gba. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006 fi hàn pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó láàárín bí oṣù 4 sí 9, kó sì dá rìn láàárín bí oṣù 8 sí 18. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í rákòrò rárá tí wọ́n fi ń rìn. Ẹni tó rìn ní oṣù 9 àti ẹni tó rìn ní oṣù 16, kò sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn. Ẹ dákun, ẹ má fi ọmọ wé ọmọ nínú ìjọ yìí mọ́. Ó ń dá ọgbẹ́ sọ́kàn àwọn ìyá.

Ṣùgbọ́n sùúrù náà ní ààlà. Ọmọ tó pé oṣù 9 tí kò lè jókòó, tó pé oṣù 18 tí kò rìn tàbí tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ tó wá pàdánù rẹ̀, ẹ má dúró rárá, bó ti wù kó dàgbà tó. Ẹ máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àdúrà kì í ṣe àwáwí fún ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la. Ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ń yára dàgbà jù lọ, nítorí náà ìrànlọ́wọ́ tó bá tètè dé ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Àwọn òbí ọ̀dọ́langba, ẹ gbọ́ tiyín. Ìbàlágà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 13 fún obìnrin, ọdún 9 sí 14 fún ọkùnrin. Ní àsìkò yìí, kò rí bíi ti ọmọ ọwọ́: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gùn, kí àyà àti ẹ̀yìn tó bá wọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń gbé àwo tẹ́lẹ̀ tí kò fọ́ fi ń já a bọ́ báyìí. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Apá ọpọlọ tó wà níwájú orí, tí a fi ń kó ara wa níjàánu, kì í gbó tán títí di bí ọdún 25. Ọmọbìnrin ọdún 10 tí ọmú rẹ̀ ti yọ, ọmọdé ló ṣì jẹ́, ẹni tó bá sì ń wò ó bí àgbà ń ṣe ibi.

Ìdàgbà kì í parí ní ọdún 25. Ní nǹkan bí ọdún 30 ni eegun máa ń le jù lọ. Lẹ́yìn náà, iṣan tí a kò bá lò a máa joro díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, kó máa fi ìdárayá mú iṣan rẹ̀ le ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Kó wá àga tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí wọ́n fi ti ògiri, kó máa dìde, kó máa jókòó lórí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó dín in kù.

Ọpọlọ àgbà ń falẹ̀ nínú ìyára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè máa pọ̀ sí i kọjá ọdún 60. Sáàmù 92:14 ní àwọn olódodo yóò ṣì máa so èso ní ìgbà ogbó. Nítorí náà, nígbà ẹ̀kọ́ Bíbélì, kí àwọn tó ń darí kíláàsì kọjú sí àwọn bàbá àti ìyá wa, kí wọ́n sọ̀rọ̀ kó já geere láìpariwo, kí wọ́n sì dúró gbọ́ ìdáhùn kí wọ́n tó bi ẹlòmíràn.