Ẹyẹ Tó Mọ Ọ̀nà Ilé Rẹ

Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta

Múfútáù ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ṣé ara le? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Mo yà kí ìyá rẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló mú mi kọ̀wé. Ṣé o rántí àwọn ẹyẹ funfun tí à ń dẹ létí òkun Sẹ̀mẹ̀? Èyí tí orí rẹ̀ dúdú bí ẹni dé fìlà, tí ìrù rẹ̀ là bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń pè ní roseate tern lédè Gẹ̀ẹ́sì? A óò fi ẹja wẹ́wẹ́ sẹ́nu ìwọ̀, a óò bo okùn mọ́ iyanrìn, a óò wá sá sẹ́yìn ọkọ̀ apẹja. Ìwọ lo mú èyí tó ní òrùka irin lẹ́sẹ̀. O so òrùka náà mọ́rùn, gbogbo wa sì ń jowú rẹ.

Múfútáù, ní Írẹ́lándì tí o wà yẹn ni wọ́n ti ń fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀! Erékùṣù kékeré kan wà lójú òkun Skerries, lápá àríwá Dublin. Rockabill lorúkọ rẹ̀, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà wà lórí rẹ̀. Tọkọtaya ẹyẹ náà tó ń yé níbẹ̀ ju 1,000 lọ. Kò síbi tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Ẹyin kan tàbí méjì péré ni wọ́n ń yé. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn ń kan àpótí pákó fún wọn kí ọmọ wọn lè ráyè sá sí. Tí òtútù bá dé, wọ́n á fò wá sọ́dọ̀ wa. Gánà ni wọ́n pọ̀ sí jù, àmọ́ wọ́n ń dé Sẹ̀mẹ̀ náà.

Nígbà kan iye wọn wálẹ̀ débi tí ẹ̀rù fi ba àwọn tó ń kà wọ́n. Dídẹ tí àwọn ọmọdé ń dẹ wọ́n letíkun wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ọmọdé bíi tiwa, Múfútáù. Ó ń dùn mí títí di òní. Lọ́dún 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtidáàbò bò wọ́n ní Gánà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láwọn ilé ìwé.

Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Sẹ̀mẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fi Yorùbá ṣàlàyé, ọmọ apẹja kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì, ó yọ okùn ìdẹkùn mẹ́ta nínú àpò rẹ̀, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fa àwọ̀n ló gbà lọ tààrà. Ó bẹ̀ wọ́n pé bí ẹyẹ bá há, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bó bá ní òrùka, kí wọ́n pe òun kóun wá ka nọ́ńbà rẹ̀, kóun kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ó bi mí pé, “Ta ló ń gbà wọ́n lálejò lọ́hùn-ún?” Mo ní ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀.

Wọn ò ní pẹ́ gbéra. Bó bá di oṣù Karùn-ún, jọ̀ọ́, lọ sétíkun Skerries, ya fọ́tò erékùṣù náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ṣèlérí fọ́tò náà fún un.

Èmi ni,
Ràsídì