Kí o tó gbé ọmọ lọ: lẹ́tà sí ọmọbìnrin mi

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí iṣẹ́ rẹ gbà pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ óò gbéra. Wákàtí 6 nínú ọkọ̀ kí ẹ tó wọ bàálù kì í ṣe kékeré fún ọmọ oṣù 5. O ní oúnjẹ rẹ̀ lójú ọ̀nà ló ń kó ọ lọ́kàn sókè jù. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó kọ èyí kí o lè máa padà kà á.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà lọ́mọ oṣù 7, a rin ìrìn kan báyìí. Mo po mílíìkì rẹ̀ láàárọ̀, mo fi aṣọ wé fídà, mo tì í bọ báàgì. Nígbà tó di ọ̀sán tí ọmọ ń ké, mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Mo kán an sọ́wọ́ lá, kò kan. Mo fún un mu. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí èébì fi bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ọmọ ti jìn wọnú. Ọjọ́ 3 la lò nílé ìwòsàn. Ọwọ́ ara mi ló ṣe é. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé kòkòrò tó ń fa àìsàn lè ti pọ̀ lọ súà nínú mílíìkì kí òórùn tàbí adùn rẹ̀ tó yí padà. Imú kò lè mọ̀ ọ́n, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Aago àti òtútù ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé.

Láàárín 4°C sí 60°C ni àwọn kòkòrò yìí ti ń bí sí i kíákíá. Inú yàrá, inú ọkọ̀, inú báàgì tí kò ní yìnyín, àárín yẹn náà ni gbogbo wọn bọ́ sí.

Níbi tí o bá ti lè fún un lọ́mú, fún un lọ́mú. Èyí tó ti ara rẹ bọ́ sẹ́nu rẹ̀ kò nílò kúlà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò sì nílò omi lé e, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ọmú léraléra ti tó o. Àmọ́ mo mọ̀ pé yóò kàn ọ́ láti wa ọkọ̀, wàá sì sùn, bàbá rẹ̀ yóò sì fẹ́ fún un lóúnjẹ. Nítorí náà, fún omi ọmú díẹ̀ pamọ́. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má fún púpọ̀ sínú ike kan, 60 sí 120 mílílítà ti tó, kí ọmọ má baà ṣẹ́ èyí tó pọ̀ kù. Kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ọmú tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè wà níta fún wákàtí 4 bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 25°C lọ. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níta. Ó lè lo ọjọ́ 4 nínú fíríìjì tó tutù dé 4°C. Nínú kúlà tí yìnyín rẹ̀ ṣì le, wákàtí 24 ni. Èyí tó bá ti dì tẹ́lẹ̀ tó wá yọ́ tán, wákàtí 24 nínú fíríìjì ni tirẹ̀, má sì dá a padà sínú fírísà.

Ọ̀rọ̀ kúlà gan-an wá kù. Kúlà kì í mú nǹkan tutù, bó ṣe bá nǹkan ló ń pa á mọ́. Bí o bá gbé omi ọmú tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀, orí ìyẹn ni yìnyín rẹ yóò yọ́ sí. Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sun fíríìjì mọ́jú, lẹ́yìn pátápátá, kì í ṣe lára ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì. Kúlà fúnra rẹ̀ náà, ju yìnyín díẹ̀ sínú rẹ̀ lálẹ́ kí inú rẹ̀ ti tutù kí o tó dì í. Tẹ́ páàkì yìnyín sísàlẹ̀, fi há ẹ̀gbẹ́, kí o sì rí i pé o tò ó sórí àwọn ike náà pẹ̀lú, nítorí atẹ́gùn tútù ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, fi táwẹ́ẹ̀lì dí i. Àyè òfìfo yẹn ni ooru ń bá wọlé nígbàkúùgbà tí ẹ bá ṣí i. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ kó oúnjẹ tiyín mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ yìnyín tó máa di omi lẹ ní, di àwọn ike náà sínú ọ̀rá tó dé dáadáa kí omi yẹn má baà kan ẹnu wọn.

Má gbé e sí búùtù. Abẹ́ ìjókòó, níbi tí oòrùn kò dé, ni kó wà. Ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn lè fi nǹkan bí 10°C gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, nítorí náà bí ẹ bá dúró jẹun, bí ẹ bá ṣe ń gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ máa gbé kúlà náà sọ̀kalẹ̀.

Ní ti bàálù, ẹ má jẹ́ kó bá ẹrù tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ lọ. Ẹrù lè ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Òfin 100 mílílítà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún nǹkan olómi téèyàn ń gbé wọ bàálù kì í de oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Kí báàgì tó wọnú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ni kí o ti sọ fún òṣìṣẹ́ pé omi ọmú ọmọ wà níbẹ̀.

Mílíìkì inú agolo ńkọ́? Ẹ má pò ó láti ilé. Ìyẹ̀fun yẹn lè ní kòkòrò nínú, bó ti wù kí agolo rẹ̀ dé pinpin tó, omi tí kò dín ní 70°C ló sì ń pa á. Rọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kún fúláàsì dé ẹnu, yóò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí mélòó kan. Wọn ìyẹ̀fun oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sínú ike gbígbẹ tirẹ̀. Bí ebi bá pa á, ẹ dúró, ẹ pò ó, ẹ ki fídà bọ omi tútù kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o sì kán an sí ọrùn ọwọ́ rẹ wò. Láàárín wákàtí 2 ni kó mu ún. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti kàn án, wákàtí 1 péré, nítorí itọ́ ti wọ̀ ọ́. Ti omi ọmú tó bá ṣẹ́ kù, wákàtí 2 lẹ́yìn tó bá mu tán.

Bí o bá rí ọ̀rá tó léfòó sókè lórí omi ọmú, má jẹ́ kó já ọ láyà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Rọra yí i kó pò pọ̀. Inú abọ́ omi gbígbóná ni kí o ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Máíkíróweefù máa ń mú apá kan hó nígbà tí apá kejì ṣì tutù, ẹnu ọmọ á sì bó. Bó bá sì fẹ́ mu ún ní tútù, kò burú.

Mo mọ bó ṣe ń dunni tó láti da omi ọmú nù, èyí tí o fi oorun òru rẹ fún. Bí aago bá ti kọjá, dà á nù, Àdùkẹ́. Sunkún bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́, ṣùgbọ́n dà á nù.

Mo ti fi páàkì 6 sínú fírísà mi láti àná. Kí ọkọ rẹ yà wá kó wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ. Kó má wá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n má baà yọ́.

Ìyá rẹ