Akọ̀wé ìjọba tí wọ́n pè ní oníwèé ayédèrú

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí ń kí yín.

O ní o máa ń gba iwájú Somerset House kọjá bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ ilé yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Peter Cunningham lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, ọdún 1816 ni wọ́n bí i. Akéwì ni bàbá rẹ̀. Sir Robert Peel, olóṣèlú ńlá nígbà náà, ló bá a wá iṣẹ́ akọ̀wé ní 1834 síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò ní Somerset House, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi di olórí akọ̀wé.

Ìtàn ló fẹ́ràn jù. Ní 1849, ó kọ ìwé tó sọ ìtàn àdúgbò àti ilé káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Ó tún kọ ti Nell Gwyn, òṣèré tó di àlè Ọba Charles Kejì. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti mọ̀wé kà ló ń kọ ọ́ fún.

Àmọ́ gbọ́ èyí. Nínú àjà abẹ́ ilẹ̀ kan ní Somerset House, níbi tí wọ́n ń pè ní ibi ìkó-èédú-sí, ó rí àwọn ìwé ìnáwó eré ààfin láyé àtijọ́. Èyí tó jẹ́ ti 1604 sí 1605 sọ pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1604, wọ́n ṣe eré kan níwájú ọba ní ààfin Whitehall: “The Moor of Venis.” Othello tí Shakespeare kọ nìyẹn, Kọ́lá! Nínú ìwé yẹn kan náà, “Shaxberd” ni wọ́n kọ orúkọ Shakespeare sí. Cunningham tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1842.

Ó kó méjì nínú ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní 1868, tó ti fẹ̀yìn tì, ó fi wọ́n lọ British Museum pé kí wọ́n rà á. Dúkìá ìjọba! Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn, ohun tí kò tọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kọ orúkọ àwọn eré náà sínú ìwé. John Payne Collier, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Shakespeare, ti kó sínú ọ̀ràn ìwé ayédèrú lóòótọ́, wọ́n sì fojú kan náà wo òun náà. Ọdún kejì ló kú ní St Albans, tòun ti ẹ̀sùn náà lọ́rùn.

Ó di 1911 kí Ernest Law, òpìtàn kan, tó gbèjà rẹ̀ nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ bébà àti yíǹkì rẹ̀ wò. Síbẹ̀ àwọn kan ò gbà. Ní 1930, A. E. Stamp tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, òun náà rí i pé ojúlówó ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn: ẹni tó hú òtítọ́ jáde ni wọ́n sọ di òpùrọ́, kò sì sí láyé mọ́ nígbà tí wọ́n dá a láre.

Ilé ìkó-ìwé-ìjọba-pamọ́ sí ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, ni wọ́n kó ìwé náà sí báyìí. Bí wọ́n bá gbé e jáde fún àwọn èèyàn láti wò, jọ̀ọ́, bá mi lọ wò ó, kí o sì sọ bí ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe rí fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Dàpọ̀