Fíìmù Stephen King ní Sátidé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú òjò.

Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó pàdé nílé alága wa ní Bódìjà láti wo fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú ìwé Stephen King, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn ẹ̀rù. Carrie, ti 1976, la ó fi bẹ̀rẹ̀.

The Shining, ti 1980, ló kàn, òun gan-an ni mo fẹ́ ká jiyàn lé lórí. Aráyé ń yin Kubrick tó darí rẹ̀, ṣùgbọ́n King tó ni ìtàn ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìtàn bàbá kan tó ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ni. Nínú ìwé, bọ́ílà ló bú tí òtẹ́ẹ̀lì náà fi jóná. Nínú fíìmù, inú yìnyín ni bàbá náà gan sí. (Ẹ má bínú, mo ti tú àṣírí òpin rẹ̀.) Èmi ń bẹ lẹ́yìn King.

Bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú jù, a ó fi Misery ṣe ènì, èyí tí Kathy Bates fi gba Oscar.

Kí kálukú mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà wá fún epo jẹnẹrétọ̀ àti ìpápánu. Ẹ rántí bí iná ṣe lọ nígbà kan tí gbogbo wa ń pariwo nínú òkùnkùn. Ẹ má kó ọmọdé wá o.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó ń bọ̀ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí n lè mọ iye àga tí màá háyà.

Akọ̀wé yín