Ẹ Má Fi Alukobọ́ọ̀dù Sé Omi Mọ́ Inú Ògiri Gbọ̀ngàn Wa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi pa mọ́. Gbọ̀ngàn àdúgbò wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, tí wọ́n ní ká wá jó sí, òjò ńlá tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá gba ara ògiri wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe òrùlé ló jò o. Òrùlé gbẹ táútáú. Ara ògiri gan-an ni omi ti ń sun, ó ń ṣàn lábẹ́ fèrèsé, ó ń gba ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná jáde. Àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń ṣèpàdé lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnìkan sì ń pariwo pé kí wọ́n tètè pa iná kó má baà gbé èèyàn. Ọ̀dà tí kò tíì pé ọdún kan ti wú, ó sì ń ṣí bọ́. Ẹ wá jáde síta kí ẹ wo iwájú ilé náà: alukobọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ààlúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bo ògiri níta, ń dán gbinrin, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀.

Wọ́n bo ògiri, wọn ò fún omi lọ́nà àbájáde. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ní Òṣogbo níbí, ẹni tó bá ń gba Ọláìyá kọjá tàbí tó ń lọ sí Òkè-Fìà mọ ohun tí mò ń sọ. Báńkì, ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn, gbọ̀ngàn, gbogbo wọn ni wọ́n ń wọ alukobọ́ọ̀dù fún. Mi ò bá alukobọ́ọ̀dù jà. Tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó ń gba ògiri lọ́wọ́ òjò, ó sì tún ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Bí aṣọ òjò tí èèyàn wọ̀ lé ẹ̀wù ló ṣe yẹ kó rí, tí afẹ́fẹ́ wà láàárín méjèèjì. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ilé ní Norway àti Kánádà ti là á yé ayé pé kò sí bí a ṣe lè dí gbogbo ojú ìsopọ̀ pa tí òjò tí ìjì ń tì kò ní rí ibi yọ́ wọlé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín pátákó ìta àti ògiri. Omi tó bá yọ́ wọlé á ṣàn gba ẹ̀yìn pátákó sọ̀kalẹ̀, á bá ihò nísàlẹ̀, á jáde. Afẹ́fẹ́ á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á gba òkè jáde, á máa gbẹ ìyókù. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò darí omi síta. Ògiri ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ́ dáadáa.

Kí ni wọ́n ṣe níbi tiwa? Bíríkìlà kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé wọn ò rẹ́ búlọ́ọ̀kù náà rárá, ọ̀gá ní ṣebí wọ́n ṣáà máa bò ó. Igi ni wọ́n kàn mọ́ búlọ́ọ̀kù, wọ́n wá kan pátákó mọ́ igi. Wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù lẹ gbogbo ojú ìsopọ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí ìsàlẹ̀ pátápátá kó lè rẹwà. Bẹ́ẹ̀ pátákó tó gùn ní mítà 3, bí oòrùn bá mú kó fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 50 gbóná ju ti òwúrọ̀ lọ, á fi ohun tó lé ní mílímítà 3 gùn sí i, á tún súnkì lálẹ́. Sílíkọ́ọ̀nù wo ni kò ní ya? Nígbà tó ya, omi wọlé, kò rí ibi jáde, ló bá kọjú sínú ilé.

Wọ́n tún gé etí òrùlé kúrò, wọ́n mọ párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kékeré tó yọ sókè yí òrùlé ká, nítorí ohun tó lòde nìyẹn. Ẹ lọ wo àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tó kù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Etí òrùlé wọn yọ síta dáadáa, nítorí àwọn baba wa mọ̀ pé òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ tòun ti ìjì, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń lu ilé.

Àwọn tó ń fọwọ́ sí irú iṣẹ́ báyìí ńkọ́? Wọ́n á wá ní ọjọ́ ìṣílé, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ibi tó ń dán, wọ́n á wọ mọ́tò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bèèrè ibi tí omi máa gbà jáde. Owó ìlú ni wọ́n fi ṣe é o!

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ di dandan rèé. Kí agbaṣẹ́ṣe tó parí pátákó, kí wọ́n gbé táńkà omi àti họ́ọ̀sì wá, kí àwọn onílé, àwọn ìyá ọlọ́jà àti ẹnjiníà ìjọba dúró síbẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa fín omi ròkè díẹ̀díẹ̀, torí tí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn bo gbogbo ibi, wọn ò ní mọ ojú tó gbà wọlé. Kí àwọn kan wà nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa fọwọ́ pa ògiri wò lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tó wà níta máa ṣọ́ ìsàlẹ̀ pátákó bóyá omi ń jáde. Tí inú ilé bá tutù, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tún fín in. Kí wọ́n fi pátákó kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a lè fi sukuru-díráfà ṣí, ká lè máa yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Kí wọ́n sì di apá kan mú nínú owó agbaṣẹ́ṣe títí òjò ọdún kan gbáko á fi rọ̀ kọjá. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó òun ṣì wà nílẹ̀ kò ní fi sìmẹ́ǹtì dí ihò omi.

Kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí ihò ìsàlẹ̀ àti ti òkè kí alángbá àti eku má baà sọ ibẹ̀ di ilé.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀. Alukobọ́ọ̀dù tí wọ́n sábà ń tà, mílímítà 4 ni, awọ ààlúmíníọ̀mù ló wà lójú méjèèjì, rọ́bà tó ń jó sì ni àárín ọ̀pọ̀ nínú wọn. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi bo ilé gogoro kan tí wọ́n ń pè ní Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n tún un ṣe. Lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná ràn mọ́ ọn, ó gba ara ògiri sáré dé òkè, èèyàn 72 sì bá a lọ. Nítorí náà, kí wọ́n ra èyí tí àárín rẹ̀ kì í jó, kí wọ́n sì fi ohun tó ń dá iná dúró gé àlàfo náà ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti gbọ̀ngàn tiwa, òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Kí wọ́n wá fọ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí ìsàlẹ̀ yẹn nígbà náà, kí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ tí ìjì ń kọjú sí, kí wọ́n rẹ́ búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn rẹ̀, kí oníná sì yẹ gbogbo wáyà wò kí ẹnikẹ́ni tó tún tan iná níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé kan ní Àyétòrò, Òṣogbo.